Aago Tó Fa Kóòtù Ya

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ọ̀kan nínú yín bi mí léèrè lẹ́nu àìpẹ́ yìí pé, "Ìyá, ṣé ó dáa kí èèyàn wọ kóòtù lọ sí ọ́fíìsì, kó wá de aago oníke ńlá tó ń fi nọ́ńbà hàn mọ́ ọwọ́?" Ó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré lòun bi mí. Kò mọ̀ pé irú aago bẹ́ẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà kan. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀, torí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rán ọwọ́ kóòtù, kò lè mọ ohun tí aago lè fi ojú ọwọ́ kóòtù rí.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Délé, télọ̀ aṣọ ọkùnrin ní Òkìtìpupa. Aṣọ òyìnbó ni mò ń rán: kóòtù, ṣòkòtò, ṣẹ́ẹ̀tì. Búbá àti ìró, ara mi nìkan ni mò ń rán an fún. Nígbà tí mo wọṣẹ́, obìnrin tó ń rán aṣọ ọkùnrin ṣọ̀wọ́n ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ìyá mi, tó ń fún epo pupa ní Ìkọ̀yà, fẹ́ kí n kọ́ aṣọ obìnrin. Bàbá mi ló ní rárá. Ó ní télọ̀ aṣọ obìnrin pọ̀ lójú pópó bí yanrìn, kí n lọ kọ́ èyí tí wọ́n á máa torí ẹ̀ béèrè ilé mi.

Ọ̀gá Jósáyà ni wọ́n mú mi lọ bá. Sápẹ̀lẹ̀ lòun ti kọ́ṣẹ́ tirẹ̀ kó tó padà wálé. Ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, Yorùbá tó gún régé ló máa ń sọ, bí ẹni ń ka Bíbélì. Ṣùgbọ́n bí inú bá ti bí i sí wa, Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ni, á sì máa yára sọ ọ́ débi pé àwa tí a bí síbẹ̀ gan-an á ní láti tẹ́tí.

Ó pẹ́ kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan aṣọ. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ máṣíìnì. Á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, á yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́, á ní kí n tẹ̀lé ìlà náà. Bí ihò abẹ́rẹ́ bá fi lè yà díẹ̀ kúrò lórí ìlà, á fa bébà náà ya, á tẹ́ òmíràn. Kò ní pariwo, kò ní nà mí. Bébà tó ń fà ya yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń ki wáyà bọ ògiri, ẹ ò mọ ìyà. A ó fẹ́ iná, a ó gbọn eérú dànù, a ó kọ́kọ́ lọ àkísà kí a tó gbé e sórí aṣọ oníbàárà. Ẹ̀ta iná kan ṣoṣo, aṣọ ti luhò. Ọ̀gá máa ń sọ pé áyọ́ọ̀nù kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kóòtù sí ara rẹ̀, mo gbé ti òsì sí ọ̀tún, mo gbé ti ọ̀tún sí òsì. Ọ̀gá gbé e sókè, ó wò ó títí. Ó ní, "Wọ̀ ọ́."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo máa tú u."

"Mi ò ní kí o tú u. Wọ̀ ọ́, kí o lọ ra púpurú tí a máa jẹ lọ́sàn-án wá fún wa lọ́jà."

Mo wọ̀ ọ́. Apá mi méjèèjì yí sẹ́yìn bí ti ẹyẹ tí wọ́n ká ní ìyẹ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta púpurú, ó wò mí, ó ṣe háà. Ó ní, "Ọmọ yìí, ta ló ṣẹ́ ẹ lápá?" Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Mo sunkún títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó, mo tú ọwọ́ kóòtù náà, mo tún un rán. Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, mi ò tún ṣi ọwọ́ kóòtù gbé mọ́.

Ọwọ́ yìí gan-an ni Ọ̀gá fi ń mọ télọ̀. Ó ní, "Àyà kóòtù ni wọ́n ń rí lókèèrè. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rí bí èèyàn méjì bá bọ ara wọn lọ́wọ́." Ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ yọjú díẹ̀ lábẹ́ ti kóòtù, aago á sì wà lábẹ́ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, tí yóò kàn yọ nígbà tí ẹni tó ni ín bá fẹ́ mọ àkókò. Ọ̀gá máa ń wí pé aago ẹni tó wọ kóòtù yẹ kó dà bí àlejò tó mọ ìwà hù: kó wà nínú ilé, ṣùgbọ́n kó má jókòó sí àárín pálọ̀. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò le. Aago fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń fi ọwọ́ yí, tó ní okùn awọ, ló wà lọ́wọ́ gbogbo ọkùnrin.

Mo gba òmìnira, mo lọ́kọ, mo bí Délé, mo ya ṣọ́ọ̀bù sí ojú ọ̀nà tó lọ sí Ìlútítun. Bí mo ṣe ríṣẹ́ àti iye tí mo ń rí nídìí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí á fò ó. Ebi kò pa wá. Àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti ti báńkì ló ń wá. Àwọn ọmọ ìjọ aládùúrà náà ń wá, àwọn tó ń wọ sùtánà funfun lọ́jọ́ Sunday, tí wọ́n á wá wọ kóòtù lọ́jọ́ Monday.

Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, irinṣẹ́ ti ń yí padà. Mo so mọ́tọ̀ oníná mọ́ máṣíìnì tí mò ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo ra áyọ́ọ̀nù oníná, ṣùgbọ́n mi ò ju ti eléèédú nù, torí iná mànàmáná ìlú wa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àárín ìgbà yẹn ni àwọn aago oníke náà dé. Àwọn ọmọkùnrin tó ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ ní apá Ìlàjẹ ló kọ́kọ́ ń dè é wá. Aago dúdú ni, ó nípọn bí ègé ọṣẹ, bọ́tìnnì irin yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná wà nínú rẹ̀. Ó lè bọ́ sómi, ó lè já láti orí ọ̀pẹ, kó ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ. Fún ẹni tó ń wakọ̀ ojú omi tàbí tó ń kọ ẹyìn, mi ò rí aago tó dáa jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n kò dúró sọ́dọ̀ àwọn yẹn. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dè é. Wọ́n á ní kí n fẹ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sí i kí aago lè rí àyè. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọrùn agbádá. A ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí di ìgbà tí Tísà Ọlájídé mú ọmọ rẹ̀ wá.

Ará Èkìtì ni Tísà, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ni ní Òkìtìpupa títí tó fi jẹ́ pé ìdajì ìlú ló ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí Tísà bá sọ pé òjò máa rọ̀, èèyàn á ká aṣọ. Gbénga lorúkọ ọmọ rẹ̀. Ó ti parí ìwé, báńkì kan ní Àkúrẹ́ sì ti pè é fún ìntáfíù. Tísà gbé aṣọ dúdú sórí tábìlì mi.

Ó ní, "Ìyá Délé, kóòtù àkọ́kọ́ tí ọmọ yìí máa wọ̀ nìyí. Ẹ bá mi rán an bí ẹni pé Délé ló ń lọ."

Mo wọn Gbénga. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, kò de aago kankan. Mo rán kóòtù náà bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo fi láínìn dúdú tó ń dán sí inú rẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́ wò, bàbá rẹ̀ yí i po, ó ń na ẹ̀yìn kóòtù náà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Mo mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí Tísà fi padà wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà ní ṣọ́ọ̀bù: òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan wá gba ṣòkòtò, ìyá ìjọ kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú aṣọ ọkọ rẹ̀. Tísà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ju kóòtù náà sórí tábìlì. Láínìn ọwọ́ òsì ti ya, ó yọ síta, ó rọ̀ bí ahọ́n ajá tí òùngbẹ ń gbẹ.

"Ìyá Délé, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín. Níwájú àwọn tó fẹ́ gba ọmọ mi síṣẹ́ ni kóòtù yín ti tú."

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Mo wò ó. Ojú ibi tí mo rán kò tú rárá. Aṣọ láínìn fúnra rẹ̀ ló ya láàárín, bí ìgbà tí ẹ̀gún fà á. Mo yíjú sí Gbénga, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe é?"

Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Mi ò mọ̀, mà. Ó kàn ya ni."

Mo ní, "Tísà, kì í ṣe ojú ìrán ló tú o. Nǹkan ló fà á ya."

"Ṣé kóòtù máa ń fa ara rẹ̀ ya ni?" Ó yíjú sí àwọn tó jókòó. "Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá gbé aṣọ fún obìnrin yìí, ọmọ rẹ̀ ló fi ń ṣeré." Ó bá tirẹ̀ lọ, ó fi kóòtù sílẹ̀ fún mi.

Mo ká kóòtù náà, mo tọ́jú rẹ̀. Ẹnu tísà ni ẹnu ìlú. Kí oṣù yẹn tó parí, àwọn oníbàárà ti ń wá kó aṣọ tí mi ò tíì gé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yẹn kò tiẹ̀ lè wojú mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ìyàwó mi ló ní kí n gbé e bọ̀ wálé." Èmi tí mo ń rán kóòtù, aṣọ iléèwé àwọn ọmọdé ló kù tí mò ń rán. Ìyá mi ní ṣé òun ò ti sọ fún mi látilẹ̀wá, kí n bọ́ sídìí búbá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un.

Mo lọ bá Ọ̀gá Jósáyà ní Ìkọ̀yà. Ó ti darúgbó, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, iwájú ilé ló máa ń jókòó sí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi mí ní ìbéèrè kan péré.

"Ṣé ìwọ lo fà á ya?"

"Rárá, Ọ̀gá."

"Padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ."

Mo ní, "Ọ̀gá, àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà."

Ó ní, "Ó kùtà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í rà bí ẹja."

Mo padà. Mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lárààárọ̀, mò ń gbálẹ̀, mò ń da epo sí máṣíìnì, bóyá ẹnì kan wá tàbí kò wá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ kíkankíkan, Gbénga wọlé. Omi ń kán lára rẹ̀. Ó ki ọwọ́ sí àpò ṣòkòtò, ó yọ aago oníke dúdú kan, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Mà, nǹkan tó fa kóòtù ya nìyí."

Mo ní kó jókòó.

Ó ní nígbà tí òun dé Àkúrẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun ló yá òun ní aago náà, pé ẹni tó bá dè é, wọ́n á mọ̀ pé ó lajú. Òun dè é sábẹ́ ọwọ́ kóòtù, ó fún mọ́ ọn pinpin. Òun ń dáhùn ìbéèrè àwọn ará báńkì dáadáa, obìnrin kan láàárín wọn tiẹ̀ ń mi orí. Àfi bí aago ṣe ké: pí-pí! Òun ki ìka bọ abẹ́ ọwọ́ kóòtù láti pa á, òun kò sì mọ bọ́tìnnì tó yẹ kóun tẹ̀. Èyí tóun tẹ̀ mú kó máa ké lọ láìdáwọ́ dúró.

"Ọ̀kan nínú wọn ní ṣé mọ́tò mi ló ń fun fèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mà. Mo fi agbára fa ọwọ́ kóòtù sókè, bọ́tìnnì aago kọ́ láínìn, mo tún fà á. Gbogbo wọn ló gbọ́ nígbà tó ya. Látìgbà yẹn, mi ò gbọ́ ìbéèrè kankan mọ́, ẹ̀rín wọn nìkan ni mò ń gbọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún bàbá ẹ?"

Ó ní, "Gbogbo àdúgbò ni bàbá mi ti sọ fún pé mo ń lọ sí báńkì. Mo rò pé á rọrùn fún un bó bá jẹ́ télọ̀ ló jẹ̀bi."

Inú bí mi. Mo ká téèpù mi, mo tú u, mo tún un ká, kí n má baà sọ ohun tó wà lẹ́nu mi. Nígbà tí ọkàn mi rọ̀ díẹ̀, mo bi í pé ta ló tún sọ ọ́ fún.

"Ẹ̀yin nìkan, mà."

"Èmi kọ́ ni mo yẹ kí n gbọ́ ọ. Mo ti mọ̀ pé n kò rán ìránkúrán. Bàbá ẹ ni kí o lọ sọ ọ́ fún."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ."

"Mi ò ní bá ẹ lọ. Bí wọ́n bá rí mi pẹ̀lú ẹ, wọ́n á ní èmi ló kọ́ ẹ ní ohun tí o máa sọ."

Òjò kò jẹ́ kó lè lọ lójú ẹsẹ̀. Mo gbé kóòtù náà jáde níbi tí mo tọ́jú rẹ̀ sí, mo tú láínìn ọwọ́ náà, mo gé tuntun, mo rán an sí i. Ó jókòó, ó ń wò mí. Nígbà tí òjò dá, mo dì í fún un, ó lọ.

Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Mo ti ń rò ó pé ẹ̀rù ti ba ọmọ náà. Àfi bí mo ṣe gbójú sókè láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, mo rí Tísà tó ń bọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yẹn àti ìyá ìjọ yẹn ń tẹ̀lé e, Gbénga wà lẹ́yìn. Ó ti lọ ṣà wọ́n láti ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Níbi tí mo ti sọ ọ́ ni mo ti fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ìyá Délé, mo bà yín lórúkọ jẹ́, ọmọ mi ló parọ́ fún mi. Ẹ dárí jì mí." Ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀, èèyàn tó jù mí lọ dáadáa. Mo sáré dì í mú ní apá. Gbénga ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ìjọ yẹn ń nu ojú.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló padà. Ṣùgbọ́n èyí tó padà tó láti fi bẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yẹn sì ni ó kọ́kọ́ gbé aṣọ wá.

Gbénga wọ kóòtù kan náà lọ sí ìntáfíù mìíràn, kò de aago, wọn kò sì gbà á níbẹ̀ náà. Níkẹyìn, ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní apá ẹsẹ̀ odò. Nínú omi àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, aago oníke ló sì ń dè lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Kó yé yín o: aago kọ́ ló ń gbani síṣẹ́, kóòtù náà kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n lè gba ọkàn rẹ lọ lọ́jọ́ tí o nílò rẹ̀ jù.

Láti ìgbà náà, mo fi òfin kan kún ti Ọ̀gá mi. Ẹni tó bá fẹ́ kí n wọn òun, kó de aago tó máa dè lọ́jọ́ tó máa wọ kóòtù náà wá. Bí mo bá rí aago oníke, mo máa ń sọ ọkàn mi fún un. Mo ní bó bá jẹ́ ìpàdé, ìntáfíù, ilé ẹjọ́ tàbí ìgbéyàwó lo ń wọ kóòtù lọ, fi aago yìí sílé. De èyí tó fẹ́lẹ́, tàbí kí o má dè rárá. Àìde aago kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé orí omi lo ti ń bọ̀, tí o sì tún máa padà síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, tí kò sí àyè láti pààrọ̀, dè é, má tijú. Kàn pa ohùn rẹ̀ lẹ́nu kí o tó wọlé, kí o sì jẹ́ kí télọ̀ rẹ mọ̀. Èmi á fẹ ọwọ́ yẹn díẹ̀ fún ọ, á sì rọra bò ó. Èsì ìbéèrè tí ẹ bi mí nìyẹn. Ọ̀gá Jósáyà ì bá má gbà pẹ̀lú mi, ṣùgbọ́n òun kò rí Gbénga nínú òjò.

Nígbà tí ọdún ń lọ, kóòtù òkìríkà bo ọjà. Ẹni tó máa dúró kí n gé aṣọ, kí n rán an, kí n lọ̀ ọ́, ó ń dín kù. Ojú mi náà kò ríran ki òwú bọ abẹ́rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹni tí mo fi téèpù wọ̀n kẹ́yìn sì ni Tísà.

Ó ti ń ṣàìsàn fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí àkókò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ fẹ́ ṣe ìdágbére fún un ní iléèwé. Ó ránṣẹ́ pè mí sílé. Mo ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ lórí, torí mo ti rán ọ̀pọ̀ aṣọ fún un lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì rò pé mo kàn fẹ́ wá gba aṣọ ni. Ó rọra dìde lórí àga, ó na apá méjèèjì. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúró lára rẹ̀ bíi pé orí okùn ni wọ́n sá a sí. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, "Tísà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ìwọ̀n yín wà lọ́wọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá, Ìyá Délé. Ẹ wọ̀n mí bí mo ṣe rí báyìí. Ẹ má wọ̀n mí bí mo ṣe rí tẹ́lẹ̀."

Mo na téèpù, mo wọn èjìká rẹ̀, àyà rẹ̀, apá rẹ̀, mi ò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ara tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó wọ kóòtù náà lọ́jọ́ ìdágbére. Ó rìn wọ inú gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ tó ti kọ́ dìde dúró, kóòtù náà sì bá a mu.